Oyin Ńlá Tó Ń Lu Igi Òrùlé

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn oyin ńláńlá kan ti lu igi òrùlé ilé ìdáná mi, èérún igi ń já sínú ọbẹ̀. Àwọn kan dúdú, wọ́n ní irun funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan pupa rúsúrúsú. Ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù wo fọ́tò, ó ní bumblebee ni, oyin ńlá onírun tí wọ́n ní lọ́hùn-ún, pé ẹ̀yà méjì ni. Ṣé kí n dáná sun wọ́n? — Ìyá olóúnjẹ kan, Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná. Ohun tí ọmọ yín ń rí lọ́hùn-ún ló fi wọn tiwa. Bumblebee lé ní 250 ẹ̀yà, ṣùgbọ́n níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sí ọ̀kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí oyin náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò láti mọ ẹ̀yà rẹ̀ (Bombus ni orúkọ bumblebee nínú sáyẹ́ǹsì): ti Bombus lapidarius pupa, ti Bombus lucorum funfun, ti ayaba Bombus terrestris rí bí èèpo ẹ̀pà. Àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ ayaba yìí wá jọ ti lucorum débi pé ojú lásán kì í sábà yà wọ́n.

Tiyín, Xylocopa ni. Oyin adágilu ni èmi ń pè é. Bí èyí tó dúdú bá bà lé òdòdó, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó pá, ó ń dán bí ìkòkò irin tí wọ́n fi epo pa. Irun ló bo ti bumblebee.

Dúdú àti pupa yẹn, tọkọtaya ni: Xylocopa nigrita. Abo ló dúdú. Èmi náà kọ wọ́n sínú ìwé bí ẹ̀yà méjì fún ọdún pípẹ́, àfìgbà tí mo la ẹ̀ka máńgòrò gbígbẹ kan. Yàrá tẹ̀lé yàrá ni mo bá níbẹ̀, èérún igi ni wọ́n fi dí àárín wọn. Nínú ọ̀kan, ìṣù lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ẹyin gbọọrọ kan lórí rẹ̀, tó gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Níwájú, dúdú àti pupa jókòó pa pọ̀ nínú ihò kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi gbọ̀n.

Akọ kì í ta ènìyàn rárá. Abo kì í sábà ta àfi tí ẹ bá dì í mú tàbí tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu. Òdòdó ẹ̀wà wa sì ń jàǹfààní wọn gan-an. Igi gbígbẹ tí kò ní ọ̀dà ni wọ́n fẹ́ràn. Tí ihò bá ti ṣófo, ẹ dí i, kí ẹ kun igi náà ní ọ̀dà. Kí ẹ wá so ẹ̀ka gbígbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn ọgbà fún wọn. Tèmi wà lẹ́bàá fèrèsé mi ní Ìjàpọ̀, ihò mẹ́ta ló ti wà lára rẹ̀ báyìí.