Èsì: Kíkan ọkọ̀ ìgbòkun nílé lẹ́yìn àìsàn

Ẹ kú ewu àìsàn o. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè dá kan ọkọ̀ ìgbòkun kékeré nílé nígbà tí agbára ò tíì pé. Ó ṣeé ṣe. Ẹ mú irú ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí wọ́n ń pè ní Mirror, mítà 3.3 ni gígùn rẹ̀. Láti 1963 ni àwọn tí kì í ṣe káfíńtà ti ń kàn án. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà yín, torí mítà 1.4 ni ọkọ̀ náà fẹ̀.

Ẹ fi wáyà bàbà rán plywood pọ̀ létí. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Kí ẹ tó fún wáyà pinpin, ẹ ta okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ náà lọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí a ń pò, lẹ àwọn etí náà pọ̀. Tí epoxy bá ti gbẹ, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Epoxy yìí gan-an ló gba sùúrù. Gíráàmù 150 ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ kíá: bó bá pọ̀ nínú ife, á gbóná, á rú èéfín, á sì dì. Ẹ má fi hardener, èròjà tó ń mú epoxy le, kún ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo lọ. Kì í mú un yá, ńṣe ni kò ní le dáadáa. Bí ojú epoxy tó ti gbẹ bá ń yọ̀ bí ọ̀rá, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ha á.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn náà bá jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà kí ẹ tó ṣí agolo rárá.