Ẹ Bi Wá: Kí ló gbé ọba dúró sínú yìnyín níwájú ilé tí Póòpù wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹnìkan ló sọ fún mi pé ọba Jámánì kan láyé àtijọ́ bọ́ bàtà, ó dúró sínú yìnyín fọ́jọ́ mẹ́ta, ó ń bẹ Póòpù. Kí ló dé tí ò kàn rán ṣọ́jà lọ mú Póòpù ọ̀hún? Àbí irọ́ ni? (Òǹkàwé yín, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe irọ́ o. Henry kẹrin lọba yẹn, Gregory keje ni Póòpù, January 1077 ló sì ṣẹlẹ̀, ní Canossa ní Ítálì, nínú ilé olódi Matilda, obìnrin alágbára tó ni Tuscany, ilẹ̀ kan ní Ítálì níbẹ̀. Ẹ má rò pé Póòpù ò lẹ́yìn o, Matilda yẹn ní ṣọ́jà dáadáa.

Ta ló máa fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ, ìyẹn ló dájà sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ìgbà yẹn kì í ṣe ẹni tó kàn ń wàásù, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó ń kó ọmọ ogun wá fọ́ba, kò sì sọ́mọ tó lè jogún ilẹ̀ náà, tó bá ti kú ọba á tún mú ẹni tó wù ú síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó dùn mọ́ ọba! Ọba fúnra ẹ̀ ló ń fi òrùka àti ọ̀pá, tó jẹ́ àmì oyè bíṣọ́ọ̀bù, lé wọn lọ́wọ́. Gregory ní rárá, iṣẹ́ ìjọ nìyẹn. Henry bínú, òun àtàwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pàdé nílùú Worms ní Jámánì ní January 1076, wọ́n ní kí Póòpù sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Nígbà tó di February, Póòpù lé e kúrò nínú ìjọ, ó ní ìbúra tí ẹnikẹ́ni ti ṣe fún un ò mú wọn mọ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ṣọ́jà tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba nígbà yẹn, àwọn ìjòyè ló ń kó èèyàn wọn wá torí pé wọ́n ti búra fọ́ba. Àwọn ará Saxony, apá kan ní Jámánì, sì ti ń bá Henry jà tẹ́lẹ̀, àwáwí ni wọ́n ń wá, Póòpù wá gbé e fún wọn. October yẹn, àwọn ìjòyè kóra jọ ní Tribur ní Jámánì, wọ́n ní tí Henry ò bá rí ìdáríjì gbà kí ọdún tó yí po, àwọn ò gbà á lọ́ba mọ́, wọ́n tún pe Póòpù sílùú Augsburg ní Jámánì kó wá dá ẹjọ́ náà.

Henry ò dúró dè wọ́n. Nínú òtútù yẹn ló gba òkè Alps kọjá, tòun tìyàwó àtọmọ kékeré, ó lọ ká Póòpù mọ́ Canossa. Àlùfáà wo ló máa lé ẹlẹ́ṣẹ̀ tó bọ́ aṣọ ọba, tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà? Lójú tèmi Henry ló jèrè, torí ìgbà tí Póòpù ti dárí jì í, ìpàdé Augsburg ò wáyé mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìjà wọn wá parí síbẹ̀? (Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Kò parí o. Àwọn ìjòyè kan fi Rudolf, ọ̀kan nínú wọn, jọba dípò Henry ní March 1077, ogun pa á ní 1080. Ọdún yẹn náà ni Póòpù tún lé Henry, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí Henry yan Póòpù tiẹ̀, ó wọ Róòmù ní 1084, Póòpù tó yàn ló sì dé e ládé olú-ọba. Gregory kú sí Salerno ní 1085. Ọ̀rọ̀ òrùka àti ọ̀pá ò tíì lójú títí di 1122, tí Henry karùn-ún, ọmọ ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ìjọ ní Worms kan náà. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, wọ́n gbà kí ọba ṣì máa jókòó síbi tí wọ́n bá ti ń dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìbò yẹn ṣe máa ń rí.