Ṣé áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ló ń darí dáyósíìsì Kátólíìkì ti Ọ̀yọ́ àti Òṣogbo?

Rárá, dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan (agbègbè ìjọ tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń darí) ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tí Póòpù yàn. Ìbàdàn ni olórí ẹkùn tí Èkìtì, Ìlọrin, Oǹdó, Òṣogbo àti Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n áàṣíbíṣọ́ọ̀bù kò lè gbé fadá Ọ̀yọ́ kúrò ní páríìṣì (ìjọ àdúgbò) rẹ̀, kò sì ní àṣẹ lórí owó wọn. Àfi bí ipò bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ bá ṣófo, tí ìgbìmọ̀ àwọn fadá olùdámọ̀ràn kò sì yan adélé láàárín ọjọ́ 8, nígbà náà ni yóò bá wọn yàn án.

Bíṣọ́ọ̀bù ló ń dá páríìṣì sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ àwọn fadá, òun náà ló ń yan fadá tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀. Òfin ìjọ ti ọdún 1983 sọ ọ́ di dandan kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìṣúná, kó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti òkú.

Ìwé ìrìbọmi ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Bí ẹni tó ṣèrìbọmi ní Òṣogbo bá ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn, fadá Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fi tó páríìṣì Òṣogbo létí, kí wọ́n lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí tó bá gbà lẹ́yìn náà yóò ṣì máa fi í hàn bí àpọ́n.