Wọ́n gbà mí síṣẹ́ látorí Telegram, wọ́n sì fi sọ̀wédowó ránṣẹ́: ṣé kò séwu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe látinú ilé. Ilé-iṣẹ́ kan kàn sí mi lórí Telegram, wọ́n ní àwọn ti gbà mí. Wọ́n fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ pé kí n fi ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn mọ̀, kí n mú ìyókù ṣe owó iṣẹ́ àkọ́kọ́. Owó ti wọ àkáǹtì mi. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan owó yẹn rárá.

Báńkì máa ń jẹ́ kí oníbàárà ná owó sọ̀wédowó kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àṣírí tó tú. Lọ́jọ́ náà, báńkì á yọ gbogbo owó wọn padà nínú àkáǹtì yín. Èyí tẹ́ ẹ ti fún ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ti lọ nìyẹn, torí ọ̀kan náà ni òun àti ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń kánjú yín nìyẹn: "Ṣé ẹ ti san án? Ẹ ṣe é lónìí o." Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ lo kọ̀ǹpútà wọn á gbé kọ̀ǹpútà fún yín.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba èèyàn síṣẹ́, mi ò sì tíì gba ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀, tí mo sì dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹ wo àdírẹ́sì í-meèlì wọn dáadáa. Wọ́n lè so r àti n pọ̀ kó lè jọ m, ojú ò sì ní tètè rí i. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀.

Àwọn oníjìbìtì míì á ní kẹ́ ẹ máa gba ẹrù, kẹ́ ẹ tún un dì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbòmíì. Káàdì báńkì tí wọ́n jí ni wọ́n sábà fi ń ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀, orúkọ yín ló sì wà lára ẹrù náà. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa tẹ "like" sí fídíò. Wọ́n á san owó díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìdẹ ni. Tó bá yá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi owó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè gba èrè yín.

Iṣẹ́ gidi wà: ìtumọ̀ èdè, ìṣírò owó, dídá oníbàárà lóhùn. Bẹ́ ẹ bá ń wá a lórí Upwork, ìyẹn ìkànnì táwọn èèyàn ti ń wá iṣẹ́, ẹ má gbà kí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ fà yín kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jọ tọwọ́ bọ ìwé.

Ní báyìí, ẹ pe báńkì yín, ẹ ṣàlàyé fún wọn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bára yín sọ. Bí wọ́n bá tún kọ̀wé sí yín, ẹ má fèsì.