Èsì: Ìyàwó mi ní n kì í gbọ́ tòun

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìyàwó yín ń sọ pé ẹ kì í gbọ́ tòun, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó bá sọ lẹ lè tún sọ láìku ẹyọ kan. Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló ń ṣe fún yín.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ fún wa. Ó ti ọjà dé, ó ní oníbàárà tó jẹ òun lówó tún bú òun. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tẹ́ ẹ fi já a gbà: "Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ pé kó o yé tà láwìn?" Ló bá panu mọ́, ó kọjá sí kíṣìnì. Òótọ́ lẹ sọ o, àmọ́ ta ló bi yín?

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ralph Nichols, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Minnesota, kọ ọ́ lọ́dún 1957 pé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 125 làwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, ọpọlọ sì yára ju ìyẹn lọ dáadáa. Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn la fi ń to èsì sílẹ̀, tàbí ká máa ro bọ́ọ̀lù Arsenal.

Lálẹ́ òní, ẹ dojú fóònù bolẹ̀, kẹ́ ẹ bi ìyàwó yín pé, "Kí ni oníbàárà yẹn wá sọ?" Tó bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ló le jù. Kẹ́ ẹ tó gbà á nímọ̀ràn, ẹ bi í bóyá ó ń fẹ́. Tó bá ní rárá, ẹ kúkú bá a bú oníbàárà náà.