Ṣé wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí òórùn irú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹ̀fọ́ tí mo fi irú sè sínú máíkírówéèfù, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá ìjẹun. Ọ̀gá wa ní kí n máa lọ, kí n má padà wá mọ́. Wọn kò fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ rí. Ṣebí wọ́n ti rú òfin nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn, tí wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, pé bí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ kò bá pé mẹ́ta, wọn kò lè lé òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba nílé ni wọ́n ti kó àṣà yẹn wá. Ohun tó wà ní Texas ni "at-will", ìyẹn ni pé bí kò bá sí àdéhùn tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ọ̀gá lè ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ nígbàkúùgbà láìsọ ìdí, òṣìṣẹ́ náà sì lè kó ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la láìdágbére. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Montana nìkan ló ṣòfin, ní 1987, pé ìdí gidi gbọ́dọ̀ wà bí òṣìṣẹ́ bá ti kọjá ìgbà ìdánwò.

Pé ìdí kan ṣàjèjì kò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní Iowa, dókítà eyín kan lé olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe pé obìnrin náà ṣẹ̀, ìyàwó dókítà ló ń bẹ̀rù pé yóò gba ọkọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá dókítà láre. Ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyà ni òfin ń gbẹ̀san rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí ni ohun tó wà lẹ́yìn irú náà. Òfin àpapọ̀ ọdún 1964 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé ènìyàn nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, jíjẹ́ akọ tàbí abo, tàbí orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ṣé àwọn tó ń gbé ẹja gbóná nínú máíkírówéèfù yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé ọ̀gá náà ti ń fi bí ẹ ṣe ń sọ Òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irú wulẹ̀ jẹ́ àwáwí. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tó gbé ohun olóòórùn wá tí kò lé, ẹjọ́ yín kò ní ẹsẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ọ̀gá yín sọ sílẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan nítorí owó ìdágbére. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 180 kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n lé yín kí ẹ tó lọ fẹjọ́ sùn ní EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́fà.

N kò tíì rí ìwé yín, nítorí náà ẹ má fi èyí rọ́pò lọ́yà tó gba ẹjọ́ yín. Bí ẹ bá ń lọ bá a, ẹ mú ìwé ìlànà tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́ dání, kí ó lè wo ohun tí wọ́n kọ nípa ìkìlọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé ìwé náà kì í ṣe àdéhùn.