Bàtà Amẹ́ríkà Ayé Ọjọ́un: Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Gọ́ọ̀mù Kàn Án

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù tó kọjá, mo ra bàtà búráùn kan ní ìsọ̀ olókìríkà ní Láfẹ́nwá. Awọ rẹ̀ nípọn, wọ́n fi ihò wínníwínní ṣe ọnà sí imú rẹ̀, wọ́n sì tẹ "Made in U.S.A." sí inú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń múra láyé ọjọ́un, nítorí náà inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ṣúmẹ́kà àdúgbò wa ní òun yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà mọ́ ọn, òun yóò sì kan ìṣó díẹ̀ sí i. Ìyàwó mi ní kí n gbé e sọnù, pé a kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé yín, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Mo bá yín yọ̀, ẹ̀yin ará Ìbarà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé bàtà náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo etí rẹ̀ yíká, níbi tí awọ òkè ti pàdé àtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta díẹ̀, tí ojú òwú sì tò lé e lórí, ẹ wá dojú bàtà náà dé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òwú ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán sí etí bàtà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí tiyín ti jẹ, òwú tí wọ́n fi rán an gbọ́dọ̀ ti yọjú lábẹ́. Bí ó bá yọjú, ẹ ti ra bàtà gidi.

Irú ìránbàtà yìí ni wọ́n ń pè ní Goodyear welt, láti ara orúkọ Charles Goodyear kékeré, ọmọ Charles Goodyear tó gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ (patent) ní ọdún 1844 lórí bí a ṣe ń fi imí ọjọ́ àti iná sọ rọ́bà di ohun tó lágbára. Ìlà òwú méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan so awọ òkè àti ìtẹ́lẹ̀ inú mọ́ ọ̀já tí mo wí yẹn. Èkejì so ọ̀já náà mọ́ àtẹ́lẹ̀ ìta. Bí àtẹ́lẹ̀ bá jẹ, a ó tú òwú kejì nìkan, a ó sì rán àtẹ́lẹ̀ tuntun síbẹ̀, láì fọwọ́ kan awọ òkè rárá. Ẹni tó ṣe bàtà náà ti mọ̀ pé yóò jẹ, ó sì ti la ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè mọ̀ láéláé. Ohun tó gba ọkàn mi lára bàtà wọ̀nyí nìyẹn. Ìṣó ni ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ẹnì kan kan ìṣó mọ́ tèmi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìṣó náà la ọ̀já sí méjì, kò sì sí ibi tí òwú tún lè dì mú mọ́. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ Jan Matzeliger, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Suriname ní ọdún 1852, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàtà ní ìlú Lynn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Nígbà náà, ẹ̀rọ ti ń rán bàtà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń fa awọ bo ẹsẹ̀ onígi tó ń fún bàtà ní ìrísí, òṣìṣẹ́ tó já fáfá kì í sì í ṣe ju nǹkan bí 50 bàtà lọ lójúmọ́. Ní oṣù March ọdún 1883, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó lè ṣe tó 700 lójúmọ́. Owó bàtà já wálẹ̀, mẹ̀kúnnù sì ń rí bàtà tó dára rà. Ikọ́ ife pa á ní ọdún 1889, ẹni ọdún 36 ni. Nítorí tirẹ̀ ni n kò fi gbà fún ẹni tó bá sọ pé bàtà Amẹ́ríkà àtijọ́ kò kàn wá.

Ẹ wá ṣúmẹ́kà tó ń fi òlu àti òwú líle ṣiṣẹ́, kí ẹ sì bi í bóyá ó lè rán àtẹ́lẹ̀ tuntun mọ́ ọ̀já náà. Àtẹ́lẹ̀ awọ ni kí ẹ ní kó fi sí i, torí òun ni ó ń dún ko-ko-kà tí a fi ń gba ọmọ ilé-ìwé níyànjú. Rọ́bà kì í dún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta pọ̀ ní Abẹ́òkúta, awọ a sì máa yọ̀ lórí òkúta tí òjò pa. Bí ẹ bá ń rìn púpọ̀ lásìkò òjò, ó lè lẹ rọ́bà fẹ́lẹ́ sábẹ́ awọ tuntun náà lẹ́yìn tó bá ti rán an tán.

Ìyá ilé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé kí bàtà mọ́. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ nu inú rẹ̀, kí ẹ ki ìwé ìròyìn sí i, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn, awọ yóò sán. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, mo rí kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀, tí wọ́n fi dí àárín àtẹ́lẹ̀. Ojú ìka márùn-ún ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti jin sínú rẹ̀, ọmọ-ìka jìn ju ìyókù lọ. Mo ní kí ṣúmẹ́kà má pààrọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní ayédèrú ni kánfáàsì All Star tí mo rà, nítorí pé Vietnam ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àmì yẹn nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ọdún 1908 ni Converse, ilé-iṣẹ́ tó ni All Star, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Malden, ní Massachusetts, All Star sì jáde ní 1917. Chuck Taylor, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó di olùtajà fún wọn, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ibi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ní 2001 ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà pa, Nike sì ra Converse ní 2003. Nítorí náà, orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn ni ẹ ó máa rí lára èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ẹ bá wá rí èyí tí wọ́n kọ "Made in U.S.A." sí, ẹ tẹ imú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: rọ́bà tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gan, bí ó bá sì sán níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kò sí òwú tó lè rán an.